Pẹ́dà Tí Ọkọ Mi Máa Kú Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Bí ẹ bá lọ ra ọjà tó wọ́n, ẹ má wo ọjà nìkan. Ẹ wo ẹnu ẹni tó ń tà á. Bó bá ti fẹ́ máa búra lórí ọjà náà, ẹ tètè dá a dúró. Ẹ ní ó ti tó. Ẹ sanwó, kí ẹ gba ọjà yín, kí ẹ máa lọ. Mi ò kàwé púpọ̀. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń ta kókó, ẹ fara dà á fún mi. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí, mo rí i.

Ọkọ mi ló ń ṣọ́ táǹkì omi tó wà lórí òkè, èyí tí omi gbogbo àdúgbò wa ti ń ṣàn wá. Àràárọ̀ ló ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Á wo bí omi ṣe ga tó, á ṣí èyí tó yẹ kó ṣí, á ti èyí tó yẹ kó tì, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo pè é ní ọ̀nà, òkúta lásán ni. Mọ́tò ò lè dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún òkè, táyà rẹ̀ sanra, iwájú rẹ̀ ń rọ̀ bí ìbùsùn. Kọ́nà kan wà lágbedeméjì òkè náà. Lápá òsì kọ́nà yẹn, ọ̀gbun ni. Kò sí irin, kò sí ògiri. Koríko nìkan ló wà létí rẹ̀.

Èmi, aṣọ ni mò ń lọ̀ ní ilé ìfọṣọ tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo máa ń dúró sí. Pẹ́dà irin tí ọkọ mi ń lò tẹ́lẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ yẹn, ó máa ń ké: kíì-kọ̀, kíì-kọ̀. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, màá ní, ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ọkàn mi á balẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n ojú ọkọ mi ti wà lára pẹ́dà kan nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ńlá. Pẹ́dà náà pọ́n bíi góòlù, ó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lórí tó máa ń di bàtà mú. Ó pẹ́ tó ti ń tọ́jú owó rẹ̀. Aṣọ tó yẹ kó rà, kò rà á. Bàtà tó yẹ kó rà, ó ní ẹsẹ̀ òun ò tíì jáde síta. Ọjọ́ tó fẹ́ lọ rà á, mo tẹ̀ lé e.

Ọmọkùnrin tó dá wa lóhùn níbẹ̀ de táì. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Onítáì ni mò ń pè é nínú ọkàn mi. Ó lè jẹ́ ọmọ àbúrò mi, ṣùgbọ́n nítorí táì yẹn, ẹ̀yin ni mò ń bá a sọ.

"Bàbá, ẹ gbé e wò," ó ní. "Ẹ ò rí i bó ṣe fúyẹ́? Bí ìyẹ́ adìẹ. Ó sì le ju irin lọ."

Ọkọ mi gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka yí i. Kò ké. Ó kàn ń yí bí ẹni pé inú òróró ló wà.

"Ṣé ó máa pẹ́?" ọkọ mi bi í. "Òkúta ni ọ̀nà tèmi o."

"Kó pẹ́ kẹ̀?" Onítáì rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ máa kú fi í sílẹ̀ ni. Ọjọ́ tó bá máa bàjẹ́, ẹ̀yin fúnra yín ò ní í sí mọ́."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi tiẹ̀ gbá a léjìká. "Ìwọ ọmọ yìí! O ti fẹ́ sin mí nítorí pẹ́dà!"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ṣùgbọ́n ohùn mi ò jáde dáadáa, mi ò rò pé ẹnì kankan gbọ́ ọ. Mo wo ẹnu Onítáì. Ẹnu tó mọ́ ni, kò sí ìkà níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà mí. Ẹni tó ní ìkà nínú á ṣọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ọmọ yìí kàn jù ú sílẹ̀ bí ẹni da omi nù. Àwọn àgbà sì ní ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Bí a ṣe gbé pẹ́dà tuntun délé nìyẹn. Ọkọ mi tú méjì àtijọ́, ó tò wọ́n sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá kí wọ́n máa di ilẹ̀kùn mú, torí afẹ́fẹ́ máa ń tì í. Ó de tuntun mọ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tó dé orí òkè, àwọn onípáìpù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pariwo. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀ Góòlù.

"Ẹsẹ̀ Góòlù, ẹ má fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ o, ilẹ̀ ò mọ́!"

"Ẹ bá mi tẹ́ aṣọ síbẹ̀ ná!" ọkọ mi á ní. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń sọ ọ́ fún mi lálaalẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Inú tèmi ò dùn tó bẹ́ẹ̀. Pẹ́dà yẹn kò ké rárá. Màá dúró sí ẹ̀bá fèrèsé, màá na etí, mi ò ní í gbọ́ nǹkan kan, àfi kí n kàn rí ọkọ mi lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ kan mo fò sókè, áyọ́ọ̀nù fẹ́ẹ̀ jó mi lápá. Ó ní, "Ṣé o rí i bó ṣe jẹ́ẹ́? Ohun tó dáa kì í pariwo." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó pariwo.

Ó wá pariwo. Òjò àkọ́rọ̀ ò tíì dá. Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń já lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ láti ẹ̀bá fèrèsé, kò jọ igbe irin àtijọ́. Ó dà bí ẹni tó ń jẹ iyanrìn. Kẹ̀rẹ̀ẹ̀... kẹ̀rẹ̀ẹ̀. Mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ọkọ mi kọjá níwájú fèrèsé, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Kò sọ nǹkan kan fún mi. Ó ń da òróró sí i nígbà tó rò pé mi ò sí nítòsí. Ó ń fi aṣọ nù ún. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Góòlù, báwo ló ṣe máa sọ pé góòlù òun ti di panda?

Sípánà ló tú àṣírí rẹ̀. Sípánà ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó ń ṣiṣẹ́ ní abẹ́ àtẹ̀gùn ilé wa. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ilé pẹ̀lú abọ́ aṣọ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn òun àti ọkọ mi. Mo dúró.

"Ó ti jẹ," Sípánà ní.

"Kí ló jẹ?"

"Inú ẹ̀ ni. Ó ti jẹ tán."

"Mo ní kí ló jẹ? Mi ò fún un ní nǹkan kan!"

"Ẹsẹ̀ yín ló ń jẹ, Ẹsẹ̀ Góòlù. Ẹ ò rí i bẹ́ ẹ ṣe rù?"

Mo yọjú. Sípánà di pẹ́dà ẹ̀gbẹ́ òsì mú, ó ń tì í síwá sẹ́yìn. Ó ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

"Tún un ṣe," ọkọ mi ní.

"Ibo ni kí n gbà wọlé? Wọ́n ti dì í pa. Mo ti ń wá ojú nọ́ọ̀tì láti ẹ̀ẹ̀kan, mi ò rí i. Ká ní ti àtijọ́ ni, màá tú u, màá ki gírísì sí i, ẹ máa lọ. Eléyìí, bó ṣe wá ni yóò ṣe lọ."

"Ṣebí ìwọ lo ní kí n rà á!"

"Èmi ni. Dídán rẹ̀ ló tàn mí jẹ. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni mo ti sọ ọ́ fún náà. Ẹ dákun, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé inú. Èmi dúró lórí àtẹ̀gùn níbẹ̀. Bó ṣe wá ni yóò ṣe lọ. Ta ni yóò lọ? Mo wò ó pé gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ lórí pẹ́dà yìí, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tó ń sọ.

Nígbà tí a jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, mo gbìyànjú.

"Bàbá ilé, ẹ jẹ́ ká dá ti àtijọ́ padà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà ló wà."

"Kí àwọn onípáìpù wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Kí wọ́n ní góòlù ti dógùn-ún?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Yẹ̀yẹ́ kì í pààyàn. Ṣé ẹ ò rántí ohun tí ọmọ yẹn sọ ni?"

"Ọmọ wo?"

"Onítáì. Ó ní ọjọ́ tó bá máa bàjẹ́..." Mi ò lè parí rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ló máa tún un sọ.

Ọkọ mi wò mí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dúró lágbedeméjì. "Òun náà ló ní kò ní í bàjẹ́ bọ̀rọ̀," ó ní. "Ó sì ti ń bàjẹ́. Òpùrọ́ ni. Ọ̀rọ̀ òpùrọ́ kì í ṣẹ. Lọ jókòó, Ìyá ilé. Bí mo bá tiẹ̀ fẹ́ kú, ṣé pẹ́dà ló máa wá..."

"Ẹ dákẹ́!" Mo ti dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ ẹnu yín. Nítorí tèmi."

"Ó dáa, ó dáa. Màá máa ṣọ́ ọ."

Láàárọ̀, ó lọ. Mo gbọ́ kẹ̀rẹ̀ẹ̀, kẹ̀rẹ̀ẹ̀, títí tó fi yà ní ìkòríta.

Mi ò lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo jó ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan. Nígbà tó yá, mo sọ fún ọ̀gá mi pé inú ń run mí, kí ó jẹ́ kí n lọ. Ṣọ́ọ̀bù ńlá yẹn ni mo gbà lọ.

Ibẹ̀ tutù. Kẹ̀kẹ́ ń fì lára ògiri, wọn ò kan ilẹ̀. Onítáì rí mi, ó sì rántí mi.

"Mọ́mì! Ẹ káàbọ̀! Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà," mo ní. "Wọ́n ṣì wà."

"Pẹ́dà wa ńkọ́?"

"Ó ti jẹ."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, níbi tí ọ́fíìsì onígíláàsì kan wà. "Mọ́mì, a kì í gba ọjà tí wọ́n ti lò padà o."

"Ọjà kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbà padà. Ọ̀rọ̀ ni."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ sọ lọ́jọ́ tí a rà á. Ẹ ní ọjọ́ tó bá máa bàjẹ́, ọkọ mi ò ní í sí mọ́. Ó sì ti ń bàjẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ẹ kó o jẹ. Ẹ dá a padà sẹ́nu yín."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mi. "Èmi? Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́. Ẹnu yín ni mò ń wò."

"Mọ́mì, eré ni! Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Gbogbo èèyàn ni mò ń sọ ọ́ fún."

Gbogbo èèyàn. Mo di àga kan mú. Gbogbo ẹni tó ti ra pẹ́dà yìí, ọmọ yìí ti dájọ́ fún wọn pátá, ó sì ń de táì wá síbi iṣẹ́.

Ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí. Obìnrin kan jáde, òun ni ọ̀gá ibẹ̀. Onítáì pè é ní Màdáámù.

"Kí ló dé?"

"Ọ̀rọ̀ pẹ́dà ni, mà. Aláwọ̀ góòlù yẹn."

"Òmíràn tún ni?" ó ní. Ó sì pa ẹnu dé. Mo rí i bó ṣe pa á dé. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ẹ kú ìrìn, mà. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí nìkan la mọ̀. Tí ẹnì kan bá fẹnu lásán sọ nǹkan kan, kò kan ṣọ́ọ̀bù."

"Mi ò fẹ́ owó, mà. Mi ò fẹ́ pẹ́dà. Kí wọ́n ṣáà sọ pé ọkọ mi ò ní í kú."

Màdáámù wò mí, ó wo Onítáì. "Má sọ ọ́ o," ó ní fún un. "O ò gbọ́dọ̀ ṣèlérí nǹkan kan mọ́ fún oníbàárà. Ṣé o gbọ́ mi? Ohunkóhun."

"Gbólóhùn kan péré ni, mà. Kí wọ́n ní, kò ní í rí bẹ́ẹ̀. Ó tán."

"Tó bá wá sọ ọ́, tí nǹkan wá ṣe bàbá ńkọ́? Ta lẹ máa mú? Ṣebí àwa ni!"

Mo wo ojú wọn. Ẹ̀rù ń ba Onítáì kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba Màdáámù kí wọ́n má pe ṣọ́ọ̀bù lẹ́jọ́. Èmi náà, ẹ mọ tèmi. Gbólóhùn tó kéré tó bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè gbé e láàárín wa.

Fóònù dún nínú ọ́fíìsì, Màdáámù wọlé lọ gbé e. Onítáì bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Táì rẹ̀ ń gbálẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ibo ni bàbá wà báyìí?"

"Orí òkè."

"Pẹ̀lú ẹ̀?"

"Pẹ̀lú ẹ̀."

Ó wo ọ́fíìsì yẹn. "Ẹ lọ bá wọn. Ẹ ní kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ti ń mì, ara rẹ̀ máa ń bọ́ kúrò lórí irin àárín. Ojijì ni. Wọ́n ti dá bíi mélòó kan padà fún wa."

"Ẹ mọ̀?"

"Mi ò sọ nǹkan kan o. Ẹ má dárúkọ mi."

"Mi ò mọ orúkọ yín," mo ní. Ẹsẹ̀ mi ti wà lójú ọ̀nà.

Mo pe fóònù ọkọ mi. Ó dún títí, kò gbé e. Mo tún pè é. Kì í gbé e tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Mo sáré, mo rìn, mo tún sáré. Bàtà mi já, mo bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹnì kan ń béèrè pé, "Ìyá, kí ni wọ́n jí gbé lọ́wọ́ yín?" Mo ń sáré lọ.

Bí mo ṣe dé ẹsẹ̀ òkè, mo gbọ́ ọ. Ó jìnnà, lókè lọ́hùn-ún. Kẹ̀rẹ̀ẹ̀. Kẹ̀rẹ̀ẹ̀. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá ilé!" mo pariwo. "Ẹ sọ̀! Ẹ fẹsẹ̀ rìn!"

Afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Kẹ̀rẹ̀ẹ̀ náà ń yára sí i. Mo mọ ọ̀nà yẹn. Mo mọ ibi tó ti máa ń yára. Ibi kọ́nà ni.

Ó dún lẹ́ẹ̀kan: kà!

Òkúta wẹ́wẹ́ ń yí bọ̀ láti òkè. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mi ò mọ bí mo ṣe gun òkè yẹn. Mo ṣáà mọ̀ pé mo fọwọ́ gùn ún láwọn ibì kan. Mi ò ké mọ́. Mi ò sọ nǹkan kan, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan jáde lẹ́nu mi lásìkò yẹn, ì báà ṣe àdúrà.

Mo pàdé rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kọ́nà. Ó ń rìn. Ó ń fọwọ́ kan ti kẹ̀kẹ́. Láti etí rẹ̀ òsì dé ọrùn ẹsẹ̀, eruku ni. Bàtà ẹsẹ̀ òsì ò sí. Lára kẹ̀kẹ́, irin àárín ṣì wà, ó ń dán, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Pẹ́dà àti bàtà ti jọ lọ sínú ọ̀gbun. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ kejì. Ó di koríko mú. Koríko tutù, tòun ti gbòǹgbò, tòun ti erùpẹ̀. Ó dì í mú gírígírí, mi ò rò pé ó mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun.

"Bàbá ilé."

Ó kọjá lára mi. Mo tẹ̀ lé e.

Nílé, mo ní láti ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó rí koríko yẹn gbà. Ó jẹ́ kí n ṣí i. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kó pẹ́dà irin méjèèjì, ó gbé wọn lọ fún Sípánà lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí kẹ̀kẹ́ wà. Ilẹ̀kùn rọra tì lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà ṣí i, mo bá a lọ.

"Háà, Ẹsẹ̀ Góòlù!" Sípánà ní. "Góòlù ìkejì dà? Ẹ̀yin náà, kí ló ṣe yín lójú?"

Ọkọ mi na pẹ́dà sí i. Sípánà wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gba pẹ́dà, ó mú sípánà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo dúró ti ọkọ mi. Mo fẹ́ gbọ́ gbólóhùn kan péré, èyí tí mi ò rí gbà ní ṣọ́ọ̀bù. Kó ní pẹ́dà ti bàjẹ́, òun ṣì wà. Tó bá lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Onítáì ti ṣubú.

"Ó bàjẹ́, ẹ sì wà," mo ní. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ ṣáà ní ẹ wà."

Ó wo kẹ̀kẹ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbi kọ́nà yẹn? Kí lẹ rí?"

Ọkọ mi, ẹni tó ń fi ohun gbogbo ṣe àwàdà. Ó fa ètè rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Sípánà fi dáwọ́ iṣẹ́ dúró kó lè gbọ́ ọ.

"Ìyá ilé, ìwọ lo ní kí n ṣọ́ ẹnu mi. Mò ń ṣọ́ ọ. Má bi mí mọ́."